Ìrépé

Inú agolo tíì kan tó ti dógùn-ún,
tí ràkúnmí ara rẹ̀ ti ṣí dànù ku ẹsẹ̀ méjì,
ni Burulsun, ìyá bàbá mi, ń kó ìrépé aṣọ sí.
Kò sí èyí tó ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Kò sì sí èyí tí kò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wá.

Lọ́dọ̀ wa ní Naryn, bí arúgbó bá kú,
tó ti rí ọmọ ọmọ, tó ti fọwọ́ kan eyín tuntun lẹ́nu àtọmọdọ́mọ,
wọn a fa aṣọ tuntun ya, fàà, fàà,
wọn a pín in fún àwọn obìnrin tó wá sìnkú:
gbà, kí ẹ̀mí gígùn rẹ̀ ràn ọ́.
Ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbà á.

Ìgbà òtútù a dé. Omi ẹ̀rọ a dì gbagidi.
Ìyá àgbà a ju ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sínú sítóòfù,
a fà mí mọ́ra kí n lè bá a fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́,
torí ojú tirẹ̀ ti ń rí ihò méjì níbi tí ọ̀kan wà.
A da agolo sórí itan.
"Búlúù yìí, ti Sadyrbek ni, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.
Eyín mọ́kànlá ló kù ú kù, a máa kà wọ́n fún àlejò.
Olódòdó yìí, ti Kalyipa aláriwo.
Àgùntàn kan dá ìjà sílẹ̀, ọdún mẹ́tàdínlógún la ò fi kíra.
Wò ó, kò ṣí títí dòní. Olóríkunkun!
Àrán pupa yìí kì í ṣe ti òkú. Kọ́tìnì ìgbéyàwó mi ni."

Ó rán ìrọ̀rí abẹ́rẹ́ tí kò ju ẹyin lọ fún olùkọ́ mi,
ó rán àpò iyọ̀ fún darandaran tó ń gòkè lọ,
ó rán onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ tí à ń so mọ́ èjìká ọmọdé.
Ẹni tó bá béèrè iye, tíì ni yóò bù fún un.

Ṣùgbọ́n ìrépé kan wà nísàlẹ̀ agolo,
aláwọ̀ eérú onílà funfun, bọ́tìnnì kan lára rẹ̀.
Bí ọwọ́ mi bá kàn án, a ní, "Fi í sílẹ̀."
Ẹ̀wù tí bàbá mi bọ́ sílẹ̀ ni,
láàárọ̀ ọjọ́ tó wọ bọ́ọ̀sì lọ Rọ́ṣíà, lọ po kọnkéré.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló lò.
Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ẹnikẹ́ni ò fa aṣọ ya.
Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ta ni yóò nawọ́
gba irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀?

Ọdún tí mo ń lọ sí Bishkek lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì,
ó rán onígun mẹ́ta kan mọ́ kọ́ọ̀tù mi:
búlúù Sadyrbek, òdòdó Kalyipa, àrán pupa létí.
Mo dúpẹ́. Ojú ń tì mí díẹ̀. Mo fi síkáàfù bò ó.

Ọdún kẹta, lórí àtẹ̀gùn ọsibítù, irin kan fà á,
ojú rírán tú.
Mo yọ irun àgùntàn tó wà nínú, mo sì rí i:
aláwọ̀ eérú onílà funfun,
ó ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó kọjú rẹ̀ sínú.
Gbogbo arúgbó ìlú wa ló fi yí i ká,
bí ìgbà tí àwọn àgbà bá fi ọmọdé sáàárín
lójú ọ̀nà òru.

Mo yá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìyá agbálẹ̀ kan.
Mo rán an padà, gbágungbàgun,
irú rírán tí Burulsun yóò tú dànù, tí yóò ní kí n tún bẹ̀rẹ̀.
Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ náà. N kò sọ nǹkan kan.
Ó ní ṣé kọ́ọ̀tù mi ṣì ń móoru.
Mo ní ó ń móoru.
Ó ní ṣé bọ́tìnnì rẹ̀ pé.
Mo ní ó pé. Ọ̀kan tilẹ̀ lé.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
Lẹ́yìn náà ló ní òjò dídì ti ń bọ̀ lórí òkè,
àti pé màlúù Kalyipa ti bí.